Ṣíṣe Alágbàtọ́ Ọmọ Ológbò: Láti Inú Páálí Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Yóò Ni Ín

Ìgbà òjò ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ ó kàn gbọ́ ohùn tín-ínrín lẹ́yìn ilé, nínú páálí tí ẹnì kan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tàbí lábẹ́ pákó tí àwọn bíríkìlà kó jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ọmọ ológbò mẹ́rin ni, ojú wọn kò tíì là, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan ti tutù bí omi inú àmù. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Ìbàdàn, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá kan. Mẹ́rin ni mo kó wọlé, méjì ló yè. Mo ti wá mọ ohun tó pa àwọn méjì yòókù: àánú wọn ló mú mi yára po mílíìkì inú agolo, mo sì fún wọn mu nígbà tí ara wọn ṣì tutù. Nítorí kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ alágbàtọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni ẹran. Ẹ ó gbà á tọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, títí yóò fi lè jẹun fúnra rẹ̀, tí yóò gba abẹ́rẹ́, tí ẹ ó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá bá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ máa fi tọ́jú rẹ̀. Èyí tó ti ń rìn, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 lọ. Kí ẹ tó gbé páálí kọjá ìloro, ẹ bá àwọn tí ẹ jọ ń gbé sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ilé lè sọ pé ẹran àjẹ́ ni ológbò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò ìyá mi. Mi ò bá wọn jà. Mo máa ń kúnlẹ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni, pé àwọn tó bí wa ló ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté, àti pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo fi ń tọ́rọ̀ àyè. Ẹni tí a kò bá sọ fún lè gbé páálí náà jù síta lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí nílé.

Ẹ má tíì gbé wọn

Ìyá wọn lè ti lọ wá oúnjẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibòmíràn ni, tí ẹ wá bá a dé ìdajì iṣẹ́. Bí ara àwọn ọmọ náà bá mọ́, tí ikùn wọn yó, tí wọ́n sùn jẹ́ẹ́, ìyá ń bẹ nítòsí. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ lọ máa ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé, torí bí ẹ bá dúró tì wọ́n, kò ní jáde. Ẹ fún un ní wákàtí 4 sí 6. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ bu láfún díẹ̀, kí ẹ wọ́n ọn yí wọn ká bí òrùka. Bí ìyá bá wá lóru, ẹ ó bá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Òjò, oòrùn tó mú, ìjàlọ, ajá àdúgbò, tàbí gọ́tà tí omi lè gbé: àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí èèyàn dúró. Ẹ gbé wọn síbi gbígbẹ tó sún mọ́ ibẹ̀, kí ìyá lè rí wọn. Àwọn kan gbà pé bí ọwọ́ èèyàn bá ti kan ọmọ ológbò, ìyá rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn ọwọ́ yín kò ní kó kọ ọmọ rẹ̀.

Bí ìyá náà bá jẹ́ ẹni tó gbà kí èèyàn sún mọ́ ọn, tìyá-tọmọ ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹ bọ́ ìyá, ìyá á bọ́ ọmọ, ẹ̀yin á sì rí oorun sùn. Wàrà ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá ń fún wọn ní ohun tó ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àìsàn, kò sì sí èyí tí a ń tà nínú agolo tó lè rọ́pò rẹ̀.

Mélòó ni ọjọ́ orí wọn?

Ọjọ́ orí ló máa sọ irú oúnjẹ tí ẹ ó fún wọn, nítorí náà ẹ má fojú bù ú lásán. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wúwo tó nǹkan bíi 100 gíráàmù, ìwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ikùn. Ìwọ́ yẹn máa ń já ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ojú máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹ má sì fọwọ́ là á fún un. Etí tó ká sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó ṣe ń rìn, bí ẹ bá sì fi ìka ra èrìgì rẹ̀ níwájú, ẹ ó kan eyín wínníwínní. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, eyín ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ ti ń yọ, ó ti ń bá àwọn tí wọ́n jọ bí jìjàkadì. Búlúù ni ojú gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí i tí àwọ̀ yẹn ń yí padà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7.

Ooru ló ṣáájú oúnjẹ

Bí ẹ kò bá rántí ohun kan mọ́ nínú gbogbo èyí, ẹ rántí ibí yìí. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kò lè gbọ̀n rárá. Àwa èèyàn máa ń gbọ̀n kí ara wa lè móoru, òun kò ní agbára yẹn, ara ìyá rẹ̀ ni ààrò rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ìfun rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mílíìkì tí ẹ bá fún un á jókòó sínú ikùn, á máa kan níbẹ̀. Kò sì lè gbé e mì dáadáa, nítorí náà ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí méjì tèmi nìyẹn.

Ẹ ki ìka kékeré sí i lẹ́nu. Bí inú ẹnu rẹ̀ bá tutù sí ìka yín, ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Ẹ gbé e sáàárín aṣọ àti àyà yín, kí ara kan ara, kí ẹ sì rọra fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má rì í sínú omi gbígbóná, ẹ má gbé e sún mọ́ iná sítóòfù, ẹ má sì gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí ẹ sé ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí èéfín èédú lè pa ẹran, ó sì lè pa ẹ̀yin náà. Ìmóoru òjijì máa ń ṣe ọkàn wọn níjàǹbá, díẹ̀díẹ̀ ni kó jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ilé wọn. Páálí tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó, pẹ̀lú táwẹ̀lì tàbí aṣọ àtijọ́ tí kò ní fọ́nrán tó ń yọ, torí èékánná wọn máa ń há síbẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ibi tí wọ́n sùn gbọ́dọ̀ móoru tó bí 30°C. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 27 sí 29 ti tó, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa dín in kù. Ọ̀sán Ìbàdàn tàbí Èkó lè dé ìwọ̀n yẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òru òjò àti ìdájí ọyẹ́ kò lè dé e. Níwọ̀n bí a kò ti lè gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA, ike omi ni mo ń lò: ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike tó ní ìdérí líle, kí ẹ fi táwẹ̀lì wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí. Ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀ láìní ooru, kí ẹni tí ooru bá mú lè wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní wákàtí 2 sí 3. Ike tó ti tutù burú ju kí ó má sí ike rárá lọ, torí yóò máa fa ooru kúrò lára wọn.

Àwọn náà á sọ fún yín bó ṣe rí. Bí wọ́n bá gun orí ara wọn, tí wọ́n ń ké, òtútù ni. Bí wọ́n bá tú ká, tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá sùn ti ara wọn láìké, tí ẹsẹ̀ wọn kàn ń ta pìtìpìtì lójú oorun, ó dára. Ìtapìtì yẹn kì í ṣe gìrì, bí ara wọn ṣe ń dàgbà ni.

Mílíìkì, àti bí a ṣe ń fún un

Mílíìkì màlúù kọ́. Yálà ti inú agolo, ti ìyẹ̀fun tí à ń pò sí ògì, tàbí ti ọmọ ọwọ́, kò bá ikùn wọn mu. Ṣúgà inú wàrà màlúù máa ń fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan sì lè gbẹ omi ara ọmọ tí kò ju 150 gíráàmù lọ tán. Mílíìkì ọmọ ológbò wà, ìyẹ̀fun ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ dókítà ẹranko tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ajá àti ológbò. Àwọn kan ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì gbé e wá fún yín. Ẹ ka bí wọ́n ṣe ní kí ẹ pò ó lára agolo, kí ẹ má sì fi ojú wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá jẹ́ òru tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí kẹ́míìsì ń tà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, èyí tí wọn kò fi adùn èso kankan sí, lè dáàbò bo ara wọn fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn tí ara wọn bá ti móoru. Kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ wá mílíìkì bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ẹ béèrè ládùúgbò bóyá ológbò ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ológbò máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, bí àwọn ọmọ náà kò bá ti ní àìsàn. Mo ti rí ọ̀kan tó fi ahọ́n nu àlejò mẹ́ta láti orí dé ìrù láìbìkítà pé wọn kò jọ ọmọ rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ikùn wọn lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi mìlílítà 4 lọ fún 100 gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó wúwo tó 150 gíráàmù, nǹkan bíi mìlílítà 6 ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ní wákàtí 2 sí 3 ni, tọ̀sán-tòru. Ọ̀sẹ̀ kejì, wákàtí 3 sí 4. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 4 sí 5. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 5 sí 6. Mo mọ̀ pé òru ló le jù. Bí ẹ bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ pín in, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè fara da ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ kó má rẹ̀ ẹ́, ìgbà tó bá sì rẹ èèyàn ni àṣìṣe ń wọlé.

Sírínjì mìlílítà 1 tí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù, tàbí fídà kékeré tí wọ́n ṣe fún wọn, ni ẹ ó lò. Ẹnu fídà tuntun sábà máa ń dí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ yan níná lu ú. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ó yẹ kó máa kán tó, tó, tó. Bí ó bá ń ṣàn, ihò ti tóbi jù, ẹ ra òmíràn. Ẹ kán mílíìkì sí ọrùn ọwọ́ yín: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí itan, kí ẹ gbé ọmọ náà lé e, ikùn nílẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, orí gbé sókè díẹ̀, bí ìgbà tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sẹ́yìn bí ọmọ èèyàn láé. Bí a ṣe ń pọ̀n wọ́n lápá bí ọmọ ọwọ́ yẹn, bó ti wù kó dára lójú tó, mílíìkì á gba ọ̀fun ọ̀nà òdì. Ẹ fi ẹnu fídà ra ètè rẹ̀, ẹ ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ fà á sókè díẹ̀. Nígbà tó bá gbá a mú dáadáa, ẹ wo etí rẹ̀: yóò máa jó síwájú sẹ́yìn bó ṣe ń fà á, ọwọ́ méjèèjì á sì máa tẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń po àkàrà. Bí sírínjì bá ni, ẹ má tì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kán kan sórí ahọ́n, ẹ dúró kó gbé e mì, kí ẹ tó kán òmíràn. Bí mílíìkì bá jáde ní imú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ẹ nu ún, kí ẹ sì máa gbọ́ mímí rẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bó bá ń mí hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀, dókítà ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rọra fi ìka méjì lù ú lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ bọ fídà àti sírínjì nínú omi tó ń hó. Bí iná kò bá sí fún fíríìjì, ìwọ̀nba tí wọ́n máa mu lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ pò.

Wọn kò lè tọ̀ tàbí yàgbẹ́ fúnra wọn títí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ahọ́n ìyá ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ rin òwú sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ rọra fi nu abẹ́ ìrù wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun tàbí jẹun tán. Ìtọ̀ á jáde nígbà gbogbo. Ìgbẹ́ lè má ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bíi ti mọ́sítáàdì. Ẹ nu wọ́n gbẹ, torí awọ wọn tètè ń bó.

Ìwé kékeré àti òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń yan kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun ni mo rà, mo sì gbà pé kò sí owó tí mo ná tó ṣe wọ́n lóore tó o. Ẹ gbé abọ́ lé e, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ gbé ọmọ sí i. Ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yẹ kó máa fi gíráàmù 10 sí 15 kún un lójúmọ́, bí 100 lọ́sẹ̀. Ẹ wo ojú ewé kan nínú ìwé mi: 142. 151. 151. 166. Ojú kò lè rí ìdúró ọjọ́ kẹta yẹn. Ó ń ké, ó ń mu, ikùn rẹ̀ yọ. Ìwé ló jẹ́ kí n wo fídà rẹ̀ dáadáa, tí mo rí i pé mílíìkì dídì ti dí ihò, afẹ́fẹ́ ló ń fà mu. Bí ó bá dúró lójú kan fún ọjọ́ kan, ẹ wá ìdí. Bí ó bá ń rù, ẹ má dúró dọ̀la.

Bí wọ́n bá jọra, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kun èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá wọn padà. Ẹ má so okùn mọ́ wọn lọ́rùn.

Eégbọn, aràn, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n

Àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ dúdú tó ń fò nínú irun wọn yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò kò sì pọ̀. Bí èrìgì rẹ̀ bá ti funfun dípò kó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ́n otapiapia sí wọn lára. Ẹ má fi kẹrosíìnì pa wọ́n. Ẹ má fi káńfọ̀ sínú páálí wọn. Oògùn eégbọn ti ajá tó ní permethrin nínú lè pa ológbò, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹ wẹ̀ wọ́n ni, nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan: ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ yí ọrùn ká kí àwọn kòkòrò náà má baà sá gun ojú, kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ láti ọrùn wálẹ̀. Orí àti ojú, kọ́ǹbù eléyín wínníwínní ni. Ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ dá a padà sínú ooru lójú ẹsẹ̀. Ìwẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Oògùn aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, a ó sì máa tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Dókítà ẹranko ló máa fi ìwúwo wọn ṣírò rẹ̀. Ẹ má dá oògùn aràn èèyàn sí wẹ́wẹ́. Parasítámọ́ọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, ti tó pa ológbò tó ti dàgbà. Izal àti Dettol pẹ̀lú kò dára fún wọn, torí wọ́n á fi ahọ́n lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ páálí àti abọ́. Bí ẹ bá ní láti lo bílíìṣì, ẹ bu omi là á dáadáa, kí ẹ ṣan án, kó gbẹ kí wọ́n tó tún débẹ̀.

Bí ológbò mìíràn bá wà nílé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní yàrá mìíràn fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ sì fọ ọwọ́ láàárín méjèèjì. Aboyún kò gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ wọn, àrùn kan wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe ọmọ inú léṣe.

Ìgbà tí eyín bá yọ

Ẹ ó mọ̀ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹnu fídà jẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, ẹ po oúnjẹ ọmọ ológbò tó rọ̀ mọ́ mílíìkì wọn, kó ki bí ògì, sínú abọ́ pẹrẹsẹ. Wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á fi bo imú, ẹ má bá wọn jà. Tí oúnjẹ náà kò bá sí, ẹ bọ ẹja tútù tàbí adìẹ láìsí iyọ̀, láìsí ata, ẹ yọ gbogbo egungun, kí ẹ fọ́ ọ dáadáa. Ìyẹn kò tó wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ wá oúnjẹ gbígbẹ ti ọmọ ológbò, kí ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ ẹ́. Ẹran ni ológbò ń jẹ, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ kò lè tọ́ ọ. Àlùbọ́sà àti aáyù inú ọbẹ̀ wa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ẹ gbé omi mímọ́ tì wọ́n nínú ìdérí ike.

Àkókò kan náà ni iyanrìn tí wọ́n á máa tọ̀, tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí. Àwo tí etí rẹ̀ kò ga, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ nínú rẹ̀, ní igun kan tó jìnnà sí oúnjẹ. Ẹ gbé wọn síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ìwà wọn ni láti wa ilẹ̀, ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì péré ni. Ẹ má lo iyanrìn ológbò tó máa ń dì bí omi bá kàn án, wọ́n á jẹ ẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni wọ́n ń pinnu bóyá èèyàn ṣeé bá gbé. Ẹ máa gbé wọn lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, àdúrà àti ìlù. Ẹ má fi ìka yín ṣe ohun ìṣeré. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún á máa ṣẹ̀jẹ̀ ní oṣù karùn-ún.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sáré

Bí ó bá kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, bí ó bá rọ bí aṣọ lọ́wọ́ yín, bí ó bá ń la ẹnu mí, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ omi tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru, ẹ fi omi glúkóòsì ẹ̀kán kan pa èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) ní Abẹ́òkúta náà ní tirẹ̀. Níbòmíràn, ẹ ti gba nọ́ńbà dókítà sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ má ṣe máa wá a láago méjì òru. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹran, bíi Cats Protection tàbí RSPCA, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ń wá alágbàtọ́, wọ́n sì máa ń ràn án lọ́wọ́ lórí oúnjẹ àti owó dókítà. Nílé, àpò wa ni.

Bí èyíkéyìí bá gé yín jẹ tàbí ha yín tó ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àrùn dìgbòlugi kò mọ sára ajá nìkan, tó bá sì ti yọjú lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó.

Fífà wọ́n léni lọ́wọ́

Ó yẹ kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 8, kí wọ́n wúwo tó 900 gíráàmù sí kílò kan, kí wọ́n máa dá jẹun, kí wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. A ó tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún? Ṣé májèlé eku wà nílé? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ológbò nítorí eku, wọ́n á sì tún fi májèlé sílẹ̀. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú. Ẹni tó bá ní dúdú nìkan lòun fẹ́, tí kò sì lè sọ ibi tí yóò máa gbé, ẹ má fún un. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ ń ṣe bí ẹni ń fi ọmọ fọ́kọ. Bí ẹnì kan bá lè gba méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní méjì, torí wọ́n á máa bá ara wọn ṣeré. Ẹ sọ fún wọn pé abo lè lóyún ní oṣù kẹrin, tí oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, kí wọ́n bá dókítà ṣètò iṣẹ́ abẹ tí kò fi ní bímọ kó tó dìgbà náà. Bí wọn kò bá ṣe é, ọmọ rẹ̀ ni ẹ máa bá nínú páálí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ da ojú ewé rẹ̀ nínú ìwé kọ sórí bébà fún wọn: ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, ọjọ́ tó lo oògùn aràn, oúnjẹ tó ń jẹ, wákàtí tó ń jẹ ẹ́. Ẹ gé díẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n jọ ń sùn lé, ẹ má fọ̀ ọ́, kí ẹ fi sínú páálí tí wọ́n fi ń gbé e lọ. Òórùn àwọn tí wọ́n jọ bí wà lára rẹ̀, orí aṣọ yẹn ni yóò sùn lóru àkọ́kọ́.